Lọ́yà Ládòkè àti Ẹjọ́ Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá dúró ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè ẹni tí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá jẹ́, yóò ní Kakanfò ni. Bí ẹ bá bi ẹni tí ó kéré sí i, yóò ní Pírémíà ni. Ọmọdé ìwòyí yóò ní yunifásítì ni. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn dáhùn pé lọ́yà ni. Bẹ́ẹ̀ ṣebí iṣẹ́ lọ́yà yìí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìṣèlú gbé e lọ, òun náà ni ó sì padà sí nígbà tí ilé dàrú mọ́ ọn lórí. Ẹjọ́ kan wà tí ó pè lọ́dún 1962. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí wọn kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ rárá ṣì ń kà á títí di òní olónìí. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọkùnrin náà, ẹjọ́ rẹ̀ kò lè yé e. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1910 ni wọ́n bí i. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò aṣọ ni bàbá bàbá rẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú yìí mọ̀ pé òwò kì í jẹ́ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbélé: Jọ́ọ̀sì, Kánò, Gold Coast tí ó di Gánà lónìí, ibi tí ọjà bá wà ni wọ́n ń kọrí sí. Mínà ni bàbá Ládòkè kó ìdílé rẹ̀ lọ nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, lọ́dọ̀ àwọn ìjọ C.M.S. Ibẹ̀ náà ni ó ti gbọ́ Haúsá, tí ó sì gbọ́ Núpè mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe òṣèlú lẹ́yìn ọ̀la, Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ará Òkè Ọya. Ní ti Ládòkè, òun àti wọn ni wọ́n jọ ń ta òkòtó lórí ilẹ̀ kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí nígbà tí ìjà dé, ìsúnmọ́ tí ó sún mọ́ àwọn ará Òkè Ọya wà lára ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí i lẹ́ṣẹ̀.

Lọ́dún 1922, wọ́n dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ sọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀. Ó wọ ilé ìwé Bàtístì, nígbà tí ó sì di 1925 ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bàtístì tí ó wà nínú ìlú náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Bàtístì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Láti 1855 tí òyìnbó Bowen ti dé ibẹ̀ ni ìjọ náà ti fi gbòǹgbò múlẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn wà, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn wọn wà, èyí tí dókítà òyìnbó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1907. Ọmọ lè bí sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì Bàtístì, kí ó kàwé lọ́dọ̀ tísà Bàtístì, kí ó sì fẹ́ aya ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàtístì, láìjáde kúrò nínú ìlú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ Ládòkè dàgbà. Nígbà tí ó di 1930, Baptist Academy l'Ékòó ni ó lọ ṣe tísà, ọdún méjìlá gbáko ni ó sì lò níbẹ̀. Òun náà ni olóòtú ìwé ìròyìn ìjọ wọn, *Nigerian Baptist*. Lọ́dún 1935 ó gbé Fadérera níyàwó. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà, ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run sì fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹ ò rí i pé títí di ìgbà yìí, kò sí ohun tí ó fi hàn pé lọ́yà ni yóò dà. Tísà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ń gba owó oṣù. Ó kúrò ní tísà, ó fi ìgbà díẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, kí ó tó di pé lọ́dún 1943 ó di olóòtú *Daily Service*, ìwé ìròyìn àwọn ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement. Òun kan náà ni ó dá *Ìròyìn Yorùbá* sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa fi mọ ìwé ìròyìn kà. Iṣẹ́ olóòtú yìí ni, lójú tèmi, ó mú òfin wù ú. Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé bá ìjọba òyìnbó jà lójoojúmọ́ yóò tètè rí i pé kì í ṣe ohùn ẹni tí ó pariwo jù ni wọ́n ń gbọ́, ohùn ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé òfin ni.

Lọ́dún 1946, British Council fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ nípa ètò ìjọba ní Oxford. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà náà. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, ẹni tí ó ti dé ọjọ́ orí yẹn ti kọjá ẹni tí ń gbé ìwé lọ jókòó níwájú olùkọ́. Òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó mọ sí èyí tí wọ́n rán an lọ kọ́. Ó fi òfin kún un, nígbà tí ó sì padà wálé lọ́dún 1950, lọ́yà ni ó dé.

Ní Èkó, òun pẹ̀lú Chris Ògúnbánjọ àti Michael Ọdẹ́sànyà da ọ́fíìsì pọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìsàmì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe ilé iṣẹ́ náà: Samuel, Chris àti Michael. Ẹ wò ó bí ẹni pé orúkọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó di olùdámọ̀ràn lórí òfin fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ó sì bá wọn wọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group. Àkókò tí ó fi jókòó ti iṣẹ́ lọ́yà gan-an kò pẹ́. Òṣèlú ti gbà á mọ́ kóòtù lọ́wọ́. Nígbà tí Bode Thomas kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, tí kò tíì pé ogójì ọdún, Akíntọ́lá ni ó bọ́ sí ipò igbákejì olórí ẹgbẹ́. Ó ṣe mínísítà l'Ékòó: ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀rọ̀ ìfìwéránṣẹ́ àti ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́dún 1957, òun ni ó dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1959. Ilé gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1960 ni òmìnira náà dé.

Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó jẹ́rìí sí i pé èdè Yorùbá rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Yorùbá Ọ̀yọ́ tí ó ní egungun nínú ni, òwe àti ẹ̀fẹ̀ lọ́tùn-ún, èébú tí ẹni tí wọ́n bú gan-an yóò rẹ́rìn-ín sí lósì. Ọ̀pọ̀ àwàdà ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ kiri títí di ìsinsìnyí. N kò gbà pé ó sọ ìdajì wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni àwọn ènìyàn máa ń fi àwàdà wọn há.

Ó wá di oṣù Kejìlá ọdún 1959. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírémíà sílẹ̀, ó gba Èkó lọ, ó sì di olórí àwọn alátakò níbẹ̀. Akíntọ́lá bọ́ sí ipò Pírémíà n'Íbàdàn. Àwọn méjèèjì, lọ́yà ni wọ́n. Ọ̀kan ni olórí ẹgbẹ́, ìkejì ni olórí ìjọba. Ta ni kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ta ni? Awólọ́wọ̀ ní ẹgbẹ́ ni ó gbé ìjọba kalẹ̀, nítorí náà kí ìjọba máa gbọ́ ti ẹgbẹ́. Akíntọ́lá ní àwọn ará ìlú ni ó dìbò, ilé ìgbìmọ̀ ni òun ń jíhìn fún. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀: Awólọ́wọ̀ ń sọ ti ètò ìjọba tí yóò pín ọrọ̀ káàkiri, Akíntọ́lá sì ń wò ó pé kí Yorùbá bá ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ará Òkè Ọya da nǹkan pọ̀. Ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kejì ọdún 1962 ni ìjà náà ti bọ́ sí gbangba. Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé, ẹgbẹ́ ní kí Pírémíà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó kọ̀.

Ibi tí òfin ti wọ̀ ọ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀.

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé Gómìnà kò lè yọ Pírémíà, àfi bí ó bá hàn sí Gómìnà náà pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ kò sí lẹ́yìn Pírémíà mọ́. Bí ó bá hàn sí i. Ohun tí gbogbo ìjà náà dá lé kò ju ìyẹn lọ. Gómìnà ìgbà náà ni Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí. Ìwé kan dé ọwọ́ Kábíyèsí, àwọn ọmọ ilé 66 ni ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì ju ìdajì ilé lọ. Wọ́n ní àwọn kò ṣe ti Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún, Gómìnà yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dáúdà Ṣóròyè Adégbénró rọ́pò rẹ̀.

Akíntọ́lá gba kóòtù lọ. Ohun tí ó dá ẹjọ́ rẹ̀ lé kò le é yé. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi lè hàn: kí ilé jókòó, kí wọ́n dìbò ní gbangba. Ìwé tí a fọwọ́ sí ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe ìbò.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ agboolé wò ó. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń kùn sí baálé, tí ẹnì kan sì ń ti yàrá dé yàrá lóru, tí ó ń gba ìtẹ̀ka lọ́wọ́ wọn, ó lè jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n pé wọn yóò sọ ọ́ lójú baálé bí gbogbo wọn bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹlòmíràn tẹ ìka nítorí ojú ẹni tí ó gbé ìwé wá. Ẹlòmíràn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ baálé tán, yóò yí ọkàn padà. Ìdí tí a fi ń pe ìpàdé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó wà lápá kejì lè sọ pé: bí ènìyàn mẹ́ta nínú márùn-ún bá ti kọ̀wé fún olórí ẹbí pé àwọn kò fẹ́, ṣé kí olórí ẹbí wá di ojú ni? Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ ní apá méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn adájọ́ pàápàá kò fi sọ ohùn kan.

Kí kóòtù tó dáhùn, ilé ti gbóná. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ilé ìgbìmọ̀ pé n'Íbàdàn láti dìbò fún Adégbénró. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àga fi ń fò. Ènìyàn fo orí tábìlì, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ ilé, ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká. Wọ́n tún padà wá, ó tún dàrú. Àwọn tí ó fa rògbòdìyàn náà, ẹ̀yìn Akíntọ́lá ni wọ́n wà, n kò ní fi èyí pa mọ́. Ẹni tí ó sọ ní kóòtù pé ìbò inú ilé nìkan ni òun gbà, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ilé dìbò. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó Ìwọ̀-Oòrùn fún oṣù mẹ́fà.

Ní oṣù keje, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ l'Ékòó. Adájọ́ àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Akíntọ́lá ni ó jàre. Brett, tí í ṣe òyìnbó, kò gbà pẹ̀lú wọn. Lọ́yà Ládòkè borí. Nígbà tí pàjáwìrì parí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963, ó padà sórí àga, láìsí ìdìbò tuntun kankan. Nígbà yẹn Awólọ́wọ̀ ti wà níwájú adájọ́ fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sì ni wọ́n dá fún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Ṣùgbọ́n Adégbénró kò gbà. Nígbà náà, kóòtù tí ó ga ju ti Èkó lọ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Privy Council ti Ọbabìnrin. Ibẹ̀ ni ó gbé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1963, Viscount Radcliffe ka ìdájọ́ wọn: òfin kò sọ pé inú ilé nìkan ni kí ó ti hàn sí Gómìnà, bí ìwé bá tó láti fi hàn án, ó tó. Adégbénró jàre. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ọdún tí ó kọjá, Akíntọ́lá kì í ṣe Pírémíà.

Kí ni lọ́yà wa ṣe? Ó ti mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kíá, ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn tún òfin náà kọ: láti ìsinsìnyí, kò sí Pírémíà tí a lè yọ àfi pẹ̀lú ìbò inú ilé. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní òfin tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1960. Ẹjọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù dá wá di omi tí a dà sórí òkúta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní Ọbabìnrin lórí mọ́, ọ̀nà Privy Council sì dí.

Níbi tí mo ti ń dá duro nínú ìtàn yìí nìyẹn, bí mo bá ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, a máa ń jiyàn. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, yóò ní kí ni ó burú níbẹ̀: ilé ní agbára láti tún òfin ṣe, ohun tí Akíntọ́lá ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ sínú ìwé. Òótọ́ ni. Òfin tí wọ́n kọ yẹn, ó sàn ju èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi kò lè gba ti òfin tí ń rìn padà sẹ́yìn. Bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá lè jí ní òwúrọ̀ kí ó kọ òfin tí yóò sọ ọ́ di aláre láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ni a tún ń pe kóòtù fún? Lọ́yà ni ó mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Àwọn tí ó sì rí i tí ó ṣe é ti mọ̀ pé kóòtù kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn mọ́. Nígbà tí àkókò àti bínú dé, wọn kò lọ sí kóòtù.

Lọ́dún 1964 ni Aláàfin Gbádégẹṣin Ládìgbòlù Kejì fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakanfò ní Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí Látòósà ti Ìbàdàn ti kú lọ́dún 1885, oyè náà kò ní olówó. Òun ni ìkẹtàlá. Ògbómọ̀ṣọ́ ti mú Kakanfò jáde rí, Tóyèjẹ àti Òjó Abúrúmákùú, inú ìlú sì dùn pé ipò náà tún wá sílé. Ọ̀yọ́ ti kọ́kọ́ fi Bode Thomas jẹ Balógun wọn ní ìgbà ayé rẹ̀. Lọ́yà méjì, oyè ogun méjì. Àwọn àgbà kan mi orí o, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa Kakanfò ni pé kì í fi orí ẹní kú. Onígbàgbọ́ Bàtístì ni Akíntọ́lá. Ó gba oyè náà, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ N.N.D.P. sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀. Ìjọba rẹ̀ ṣe àwọn nǹkan tí a ṣì ń rí: Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1962, wọ́n parí ilé Cocoa House n'Íbàdàn lọ́dún 1965. Ṣùgbọ́n ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n kéde pé Dẹ́mọ̀ ni ó wọlé, àwọn ará ìlú ní irọ́ ni. Wẹ́tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Epo bẹntiróòlù, ìṣáná, ilé, mọ́tò, ènìyàn. Ìbàdàn, Òǹdó, Ìjẹ̀bú, Mushin, kò sí ibi tí kò kàn. Bí ẹ bá pàdé ẹni tí ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ẹ bi í. Kò tíì gbàgbé òórùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 1966, Akíntọ́lá wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kàdúná lọ rí Sàrdáúnà, ó sì padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà. Lóru, àwọn sójà Kápútéènì Nwobosi kọ́kọ́ lọ mú igbákejì rẹ̀, Fání-Káyọ̀dé. Ìyàwó Fání-Káyọ̀dé ni ó tẹ fóònù sí ilé Pírémíà pé wọ́n ń bọ̀. Ẹni tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé òfin jà láti ogún ọdún wá gbé ìbọn. Ó yìn ín láti inú ilé, ó sì pa àwọn sójà kan lára. Nígbà tí ọta tán, ó jáde sí wọn, wọ́n sì yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Fadérera di opó, àwọn ọmọ di ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí lójú pópó ní ìlú kan, tí wọ́n sì ń kí bí ọmọ ọba ní ìlú kejì.

Ìlú kejì yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe rántí ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1990, kò pẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè é. Ọmọ rẹ̀, Yọ̀mí, ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Hungary. Ládipọ̀, ọmọ rẹ̀ mìíràn, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ bàbá rẹ̀ jọ sínú ìwé.

Ẹjọ́ náà ńkọ́? Ó rìn jìnnà ju ọkùnrin náà lọ. Lọ́dún 1966 kan náà, ní Sarawak ní ilẹ̀ Malaysia, Gómìnà yọ olórí ìjọba ibẹ̀, Stephen Kalong Ningkan, nítorí ìwé tí àwọn ọmọ ilé fọwọ́ sí. Adájọ́ ibẹ̀ yẹ ẹjọ́ Ìbàdàn wò, ó ní kò bá tiwọn mu, ìbò inú ilé ni òun fẹ́ rí. Ohun tí Akíntọ́lá sọ gan-an nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò sí láyé láti gbọ́ ọ ni. Ní 2009, ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀ ní Perak, ní Malaysia kan náà. Láìsí ìbò nínú ilé, wọ́n ní olórí ìjọba ibẹ̀, Nizar Jamaluddin, kò ní ènìyàn lẹ́yìn mọ́. Ó gba kóòtù lọ. Ní 2010, kóòtù wọn tí ó ga jù lọ tọ ẹ̀yìn Radcliffe, wọ́n ní kò pọn dandan kí ìbò wáyé nínú ilé.

Nínú gbogbo ìwé òfin tí wọ́n ti ń kà á, *Adegbenro v Akintola* ni wọ́n ń pè é. Orúkọ Adégbénró ni ó ṣáájú, nítorí òun ni ó gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù.